Obìnrin Nínú Iṣẹ́ Ọlọ́pàá: Àwọn Ìbéèrè Tí Ó Ń Padà Wá àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ àti àwọn ẹbí wọn ni wọ́n sábà máa ń béèrè àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. A tò wọ́n láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó ta kókó.

Ìgbà wo ni obìnrin kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá?

Ní ọdún 1891, Marie Owens di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Chicago pẹ̀lú ipò sájẹ́ǹtì. Lola Baldwin tẹ̀lé e ní Portland ní ọdún 1908, nígbà tí Alice Stebbins Wells búra wọlé ní Los Angeles ní ọdún 1910. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edith Smith ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní agbára kíkún láti mú ènìyàn, ní ìlú Grantham ní ọdún 1915.

Ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ nípa Wells yẹ ní gbígbọ́. Àwọn ọlọ́pàá ìgbà náà máa ń wọ ọkọ̀ ìgboro lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ti fi báàjì hàn. Nígbà tí Wells fi tirẹ̀ hàn, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà fẹ̀sùn kàn án pé báàjì ọkọ rẹ̀ ni ó mú wá, ó sì di dandan kí wọ́n ṣe báàjì mìíràn tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé obìnrin ni ọlọ́pàá náà. Láti ọjọ́ kìíní ni obìnrin ti ń gbé ẹ̀rí kiri pé òun ni òun ni iṣẹ́ òun.

Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé wọn lọ́wọ́?

Títọ́jú ọmọdé tí ó sọnù, yíyẹ ara obìnrin tí wọ́n mú wò, ṣíṣọ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n sá kúrò nílé, àti gbígba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Nílùú London, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni àwọn obìnrin wà títí di ọdún 1973, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó oṣù ọkùnrin ni wọ́n sì ń san fún wọn kí ọ̀rọ̀ owó tó dọ́gba ní ọdún 1974. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1968 ni Betty Blankenship àti Elizabeth Coffal kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá fún ìṣọ́ ojú pópó ní Indianapolis, bí ẹlẹgbẹ́ wọn ọkùnrin ṣe ń ṣe é.

Òfin ọdún 1972 ní Amẹ́ríkà, tí ó mú kí òfin tí ó lòdì sí ìdẹ́yẹsí níbi iṣẹ́ kan àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìlú, àti òfin ọdún 1975 ní Bìrìtìkó ni wọ́n já ìdènà náà. Èrò tiwa ni pé ìdàpọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí ó bá a lọ. Nínú ẹ̀ka ọ̀tọ̀, obìnrin ní ọ̀gá obìnrin, ó sì lè gba ìgbéga láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dà wọ́n pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn bọ́ sábẹ́ ọ̀gá ọkùnrin tí kò bá obìnrin ṣiṣẹ́ rí, kò sì sí ẹni tí ó múra ọ̀gá náà sílẹ̀.

Kí ni ìtumọ̀ "àṣà ọkùnrin" nínú iṣẹ́ yìí?

Kò sí nínú ìwé òfin kankan. Inú ọkọ̀ ìṣọ́, yàrá ìpààrọ̀ aṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń mu ọtí lẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹni tuntun ti ń kọ́ ọ. Ìtàn ìjà àti ìtàn bí wọ́n ṣe lé ọ̀daràn mú ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, akọni inú ìtàn sì ni ó ń di àwòkọ́ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ fún ìwé kíkọ, ọ̀rọ̀ sísọ, ìdúró, àti pípẹ̀tù sí aáwọ̀ láàárín tọkọtaya tàbí láàárín aládùúgbò. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kì í wọ inú ìtàn, nítorí náà ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣe dáadáa kì í gba ìyìn.

Òpó kejì tí àṣà náà dúró lé ni ìfọkàntán. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kò ní sá bí nǹkan bá le, ohun tí ó tọ́ sì ni èyí. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ó ti ń di òfin àìkọsílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú àṣírí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ohun yòówù kí ẹlẹgbẹ́ náà ṣe. Ọkùnrin tuntun ni wọ́n máa ń gbà gbọ́ títí yóò fi kùnà. Obìnrin ni wọ́n máa ń ṣiyèméjì sí títí yóò fi yege, bí wọ́n bá sì gbé e lọ sí àgọ́ mìíràn, ìdánwò náà tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ṣé agbára obìnrin tó fún iṣẹ́ ojú pópó?

Wọ́n ti dán an wò. Ní Washington, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àjọ Police Foundation fi obìnrin 86 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wé ọkùnrin 86 tí wọ́n jọ dé. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1974 fi hàn pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Àwọn ọkùnrin mú ènìyàn púpọ̀ díẹ̀ sí i, ìwà tí kò yẹ ọlọ́pàá sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn ju ti àwọn obìnrin lọ.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1974 yìí kan náà, nílùú kan náà, ni wọ́n yìnbọn pa Gail Cobb, ọmọ ọdún 24, bí ó ti ń mú afurasí kan. Òun ni ọlọ́pàá obìnrin àkọ́kọ́ tí ọ̀daràn pa lẹ́nu iṣẹ́ ìṣọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá ń béèrè bóyá obìnrin lè fojú kojú ewu, kí ó rántí pé wọ́n ti ń kojú rẹ̀ tipẹ́.

Ǹjẹ́ òfin gíga àti ìwọ̀n ara ṣì lè lé obìnrin padà?

Ó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ti ń wó òfin bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1977, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin ìpínlẹ̀ Alabama lórí gíga àti ìwọ̀n àwọn wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n, nítorí pé ó ń ti ọ̀pọ̀ obìnrin síta láìsí ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà nílò rẹ̀. Ní ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Ìdájọ́ ti Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù gbé òfin ilẹ̀ Gíríìsì yẹ̀ wò, èyí tí ó ní kí gbogbo ẹni tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ga tó mítà 1.70, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ilé ẹjọ́ náà ní gíga kò fi dandan jẹ́ ẹ̀rí agbára, àti pé ìdánwò tí ó wọn agbára gan-an ni ó bá òdodo mu.

Kí ló dé tí aṣọ àti ohun èlò fi ń di wàhálà?

Nítorí pé ara ọkùnrin ni wọ́n fi wọn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀wù ayẹta tí kò bá àyà obìnrin mu máa ń gbé sókè bí ó bá jókòó, á fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ láìbò, á sì máa fún un lọ́rùn nínú ọkọ̀. Ìgbànú tí ìbọn, kóńdó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti rédíò rọ̀ mọ́ máa ń dùn ún ní ìbàdí. Sòkòtò tí kò ṣeé bọ́ láìtú gbogbo ìgbànú náà sì ń sọ lílọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ di iṣẹ́ ńlá, pàápàá ní àsìkò nǹkan oṣù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àròyé kékeré ni èyí. Ẹ̀wù tí kò bá ara mu ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́ máa ń bọ́ sílẹ̀, ikú sì lè ti ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi ìwé béèrè fún ìwọ̀n tiyín, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìgbà tí àpárá ti di ìyọlẹ́nu?

Àwọn ọlọ́pàá máa ń fi àpárá gbé ẹrù tí ojú wọn rí, a kò sì sọ pé kí wọ́n dákẹ́. Ẹ wo ẹni tí àpárá náà ń bá wí. Bí ó bá jẹ́ pé ara yín, ọmú yín, ẹni tí ẹ ń bá sùn tàbí ìrònú pé ẹ fi ara ra ipò ni ó dá lé lórí, kì í ṣe àpárá mọ́. Bí ẹ bá sọ pé ẹ kò fẹ́, tí ó sì ń bá a lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbi tí ẹ̀rín wà.

Fífi ọwọ́ kan ara, fífi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́, àti ṣíṣe ìlérí tàbí ìhàlẹ̀ nítorí ìbálòpọ̀ kò nílò ìkìlọ̀ kankan ṣáájú. Ìyọlẹ́nu ni wọ́n láti ìgbà àkọ́kọ́, ìwà ọ̀daràn sì ni òmíràn nínú wọn.

Kí ló dé tí àwọn obìnrin kì í fi ẹjọ́ sùn?

Ìbéèrè yìí ni a ń gbà jù, ó sì ń dùn wá bí a bá gbọ́ ọ bí ẹni pé àwọn obìnrin ni wọ́n jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá fẹjọ́ sun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lónìí lè nílò ẹlẹgbẹ́ náà lọ́la, nínú òkùnkùn, bí ó bá ké lórí rédíò fún ìrànlọ́wọ́. Ìbẹ̀rù pé ìrànlọ́wọ́ náà yóò pẹ́ kí ó tó dé, tàbí pé kò ní dé rárá, tó láti pa ẹnu ènìyàn mọ́. Àwọn àgbà ti sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá obìnrin ló ti sọ pé ọ̀daràn ìta kò dẹ́rù bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà ni ìwádìí wà. Ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Alison Halford, tí ó wà lára àwọn ọlọ́pàá obìnrin tí ipò wọn ga jù ní Bìrìtìkó. Ó pe ẹjọ́ ní ọdún 1990 pé wọ́n ń fi ìgbéga dù òun nítorí pé òun jẹ́ obìnrin. Ní ọdún 1997, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá a láre pé wọ́n tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù ọ́fíìsì, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ láti kó ohun tí wọn yóò fi bá a rojọ́ jọ. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí sí ọ̀gá àgbà, kí ni kọ́ńsítébù ọdún kan yóò rò?

Ìdí kẹta ni ohun tí ojú ti rí. Ní Kánádà, ọdún 1974 ni ọlọ́pàá àpapọ̀ RCMP kọ́kọ́ búra fún obìnrin. Ní ọdún 2016, ọ̀gá pátápátá tọrọ àforíjì ní gbangba fún ìyọlẹ́nu tí wọ́n ti fara dà. Obìnrin 2,304 ni wọ́n san owó ìtanràn fún nígbẹ̀yìn. Adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Kánádà tẹ́lẹ̀ rí, Michel Bastarache, tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, kọ ọ́ sínú ìròyìn ọdún 2020 pé kò dájú pé ilé iṣẹ́ náà lè tún ara rẹ̀ ṣe láti inú wá. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obìnrin kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ni.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí mi, kí ni kí n ṣe lákọ̀ọ́kọ́?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ọjọ́, aago, ibi tí ẹ wà, ọ̀rọ̀ tí ó tẹnu ẹni náà jáde láìtún un ṣe, àti orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí ìgbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ẹ̀rí fún ilé ẹjọ́. Iṣẹ́ yín ti kọ́ yín bí a ṣe ń ṣe é. Ilé ni kí ìwé náà wà. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà iṣẹ́, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ lórí fóònù iṣẹ́.

Ẹ sọ fún ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé ẹ̀rí ẹni tí ẹ tètè sọ fún máa ń wúlò. Bí ara tàbí ọkàn yín bá gba ọgbẹ́, ẹ rí dókítà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí agbẹjọ́rò iye ọjọ́ tí òfin fún yín láti pe ẹjọ́, nítorí pé oṣù díẹ̀ péré ni ní ibòmíràn, àkókò náà sì lè tán nígbà tí ìwádìí abẹ́lé ṣì ń lọ. Ìfipábánilòpọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbáwí abẹ́ ilé iṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni, bí ọ̀daràn ni ó sì yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀.

Báwo ni ìgbéyàwó, oyún àti ọmọ títọ́ ṣe ń kan iṣẹ́ náà?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìgbéyàwó fi jẹ́ òpin iṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1946 ni wọ́n fagi lé òfin tí ń lé obìnrin tí ó bá lọ́kọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní Nàìjíríà, ìlànà kan ní kí ọlọ́pàá obìnrin gba àṣẹ ọ̀gá kí ó tó ṣe ìgbéyàwó, kí wọ́n sì yẹ ìwà ẹni tí yóò fẹ́ ẹ wò; ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó fagi lé e ní ọdún 2012, nítorí pé kò kan ọkùnrin.

Ìṣòro tí ó kù kì í sábà wà nínú òfin mọ́. Aboyún tí wọ́n mú kúrò lójú pópó yẹ kí ó rí iṣẹ́ gidi ṣe, bíi ìwádìí àti ìtòjọ ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tábìlì tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ẹlòmíràn sí. Ẹni tí ó bá padà dé lẹ́yìn ìsinmi ìbímọ lè bá a pé wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní ipò rẹ̀. Iṣẹ́ òru tí wọ́n yí padà lójijì máa ń dójú ti ètò ìtọ́jú ọmọ, ẹni tí ó bá sì béèrè fún wákàtí tí ó dínkù ni wọ́n máa ń kà sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́. A kò rí ìdí tí ilé iṣẹ́ tí ó lè to ìṣọ́ fún àgbájọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò fi ní lè to ṣíìfù ìyá ọlọ́mọ kan.

Ǹjẹ́ obìnrin lè dé òkè?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni wọ́n fi ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlẹ̀kùn náà. Ní New York, Felicia Shpritzer pe ẹjọ́ ní ọdún 1961 nítorí pé wọn kò gbà kí obìnrin ṣe ìdánwò ipò sájẹ́ǹtì. Ó borí, òun àti Gertrude Schimmel sì di sájẹ́ǹtì ní ọdún 1965. Penny Harrington di ọ̀gá ọlọ́pàá Portland ní ọdún 1985, Pauline Clare di ọ̀gá ti Lancashire ní ọdún 1995, Christine Nixon di ti Victoria ní Ọsirélíà ní ọdún 2001, Cressida Dick sì di ti London ní ọdún 2017.

Ohun tí ó ń dènà ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ẹ̀ka tí wọ́n fi sí. Ẹ̀ka ìbọn àti ẹ̀ka ìwádìí ìpànìyàn ni wọ́n máa ń wò bí ìgbéga bá dé, ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ìwà ipá inú ilé ni wọ́n sì ń kó obìnrin sí, bí ẹni pé iṣẹ́ náà rọrùn. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀rọ̀ wá ọmọ tí wọ́n bà jẹ́ lẹ́nu wò mọ̀ pé kò rọrùn.

Ṣé kí n ṣe bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe, kí wọ́n lè gbà mí?

Onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, Susan Martin, ṣàkíyèsí láti àwọn ọdún 1970 pé ọ̀nà méjì ni àṣà náà máa ń ṣí sílẹ̀ fún obìnrin: kí ó le ju ọkùnrin lọ, tàbí kí ó gba ipò ẹni tí wọ́n ń dáàbò bò. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà kìíní, wọn á ní kò ṣe bí obìnrin. Ẹni tí ó bá gba èkejì, wọn á ní kì í ṣe ọlọ́pàá. Ìdẹkùn ni méjèèjì. Ẹ mọ òfin dunjú, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn tí agbẹjọ́rò kò lè rí àlàfo nínú rẹ̀, ẹ tètè dé bí ẹlẹgbẹ́ bá pè. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ní akọ tàbí abo.

Èyí náà ni ó ṣàlàyé ìdí tí obìnrin kan lè le mọ́ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ọkùnrin 40 bá wà pẹ̀lú obìnrin 2, àṣìṣe ọ̀kan ni wọ́n máa kà sí èkejì lọ́rùn. Ẹ̀rù ni ó ń bà á.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú tàbí ti ẹ̀yà kékeré ńkọ́?

Ẹrù méjì ni ó ń rù. Sislin Fay Allen, ọmọ Jàmáíkà, di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ọlọ́pàá London ní ọdún 1968, lẹ́tà ìkórìíra sì tẹ̀lé e. Bí ó bá fẹjọ́ sùn, wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni, kì í ṣe ti obìnrin, tàbí kí wọ́n yí i padà, títí kò fi ní sí òfin tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu pátápátá. Ẹ kọ méjèèjì sínú ẹ̀sùn yín.

Ṣé òótọ́ ni pé obìnrin máa ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá dára ju ọkùnrin lọ?

Ẹ̀rí wà pé wọn kì í tètè lo ipá. Ìgbìmọ̀ Christopher, tí ó yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá Los Angeles wò ní ọdún 1991, kíyè sí i pé àwọn obìnrin kì í sábà wà lára àwọn tí ń lo ipá àṣejù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ọlọ́pàá Chicago, tí ó jáde ní ọdún 2021, fi àwọn tí wọ́n wà ní ipò iṣẹ́ kan náà wé ara wọn, ó sì rí i pé obìnrin ń lo ipá kéré sí ọkùnrin. Ní Làìbéríà, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá obìnrin láti Íńdíà ṣiṣẹ́ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti ọdún 2007 sí 2016, ìrísí wọn sì wú ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ibẹ̀ lórí.

Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ìyìn yìí. Bí wọ́n bá gbà yín nítorí pé ẹ jẹ́ onírẹ̀lẹ̀, wọn á bá yín wí lọ́jọ́ tí ẹ bá lo ipá tí òfin fi àyè gbà. Ẹ̀tọ́ obìnrin sí iṣẹ́ náà kò dúró lórí pé ó sàn ju ọkùnrin lọ.

Bí ọkọ mi tí ó ń lù mí bá jẹ́ ọlọ́pàá ńkọ́?

Ó mọ ibi tí ilé ìsádi wà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀sùn, àwọn tí yóò wá sí ilé yín sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2020, àjọ Centre for Women's Justice gbé ẹ̀sùn ńlá kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, lórúkọ àwọn obìnrin tí ọlọ́pàá ń hàn léèmọ̀ nílé, ọlọ́pàá sì ni àwọn kan nínú wọn. Ẹ béèrè pé kí àgọ́ tí kò mọ ẹni náà ṣe ìwádìí, kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì dí i lọ́nà láti wo àkọsílẹ̀ ẹjọ́ yín. Ẹ wá agbẹjọ́rò tàbí àjọ tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó sọ ohunkóhun níbi iṣẹ́.

Bí iye obìnrin bá pọ̀ sí i, ṣé àṣà náà yóò yí padà?

Iye ṣe pàtàkì. Ó ṣòro láti sọ obìnrin di àpèjúwe gbogbo obìnrin níbi tí wọ́n bá pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ti fọwọ́ sí ètò tí ó fẹ́ kí obìnrin jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ń gbà wọlé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2030.

Ṣùgbọ́n iye nìkan kò tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, obìnrin ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, obìnrin sì ti ṣe olórí ọlọ́pàá London. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá London kan pa obìnrin kan, Sarah Everard, ní ọdún 2021, ìròyìn ọdún 2023 láti ọwọ́ Louise Casey, tí wọ́n ní kí ó yẹ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá London wò, sọ pé ìkórìíra obìnrin ti wọnú ètò ilé iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ kan bá ń yangàn pé òun ti gba obìnrin púpọ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ọdún mélòó ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó fiṣẹ́ sílẹ̀? Nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn ìyọlẹ́nu kan ẹlẹgbẹ́ wọn ní ọdún 3 sẹ́yìn, mélòó ni wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ipò wo ni wọ́n wà, ipò wo sì ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wà?